Jíìpù ga lóòótọ́, àmọ́ ṣé àyè wà nínú ẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ẹ́ bá ẹ̀yin oníṣòwò wa sọ lónìí, ọ̀rọ̀ mọ́tò ni. Bí òwò bá ti ń lọ dáadáa díẹ̀ fún èèyàn láàárín wa, yálà ní Agbówà o, ní Ìtòìkín o, títí dé Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú, ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé òun fẹ́ẹ́ ta Corolla òun, kí òun fowó kún un, kí òun fi ra jíìpù. Tẹ́ ẹ bá bi í pé kí ló dé, yóò ní mọ́tò kékeré há jù, òun fẹ́ èyí tó láyè, tí ìjókòó rẹ̀ tuni lára. Kò sóhun tó burú nínú kéèyàn fẹ́ ìrọ̀rùn. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọ̀pọ̀ nínú àyè tá à ń sanwó fún nínú jíìpù, òkè orí ló wà, kì í ṣe ibi tí ìdí àti orúnkún wa wà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, owó ọjà la fi ń rà á.

Ẹ jẹ́ ká fi tépù wọ̀n ọ́n. Toyota Corolla tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà láti 2003 sí 2008, èyí tó pọ̀ lójú títì wa, fẹ̀ ní ṣẹ̀ǹtímítà 170 láti ẹ̀gbẹ́ kan sí ìkejì. Highlander àkọ́kọ́, tí wọ́n ṣe títí di 2007, fẹ̀ ní 182.5. Ohun tí jíìpù fi jù ú lọ kò ju ṣẹ̀ǹtímítà méjìlá àbọ̀. Bí ẹ bá pín in fún èèyàn mẹ́ta tó jókòó sẹ́yìn, ohun tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ́ bíi mẹ́rin, ìyẹn bí ìbú ìka méjì. Ara ìta ọkọ̀ la sì wọ̀n yẹn o. Ilẹ̀kùn tó nípọn ṣì máa mú tiẹ̀ níbẹ̀.

Ti orúnkún ńkọ́? Àárín táyà iwájú sí táyà ẹ̀yìn ni ẹ máa wò, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí àyè fún àga. Corolla yẹn jẹ́ ṣẹ̀ǹtímítà 260. Highlander jẹ́ 271.5. Ìlà ìjókòó méjì ló wà nínú Corolla. Láti ọdún 2004, wọ́n ń ṣe Highlander tó ní ìlà mẹ́ta. Kí ẹ wá wò ó: ṣẹ̀ǹtímítà mọ́kànlá àbọ̀ ni wọ́n fi kún un, odidi ìlà kan ni wọ́n fẹ́ẹ́ tì í sí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà díẹ̀ á rántí Pijó 504 onílà mẹ́ta, stéṣọ̀n wágọ̀n, tó ń kó èrò lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Pijó ní Kàdúná. Láti táyà iwájú dé táyà ẹ̀yìn stéṣọ̀n wágọ̀n yẹn, ṣẹ̀ǹtímítà 290 ni. Pẹ̀lú gígùn yẹn náà, ẹni tó bá bọ́ sí ìlà ìkẹta kì í rẹ́rìn-ín títí tó fi máa sọ̀. Bó bá há nínú 290, kí lẹ rò pé yóò ṣẹlẹ̀ nínú 271 àbọ̀? Ìjókòó ọmọdé ni, kì í ṣe ti àgbàlagbà tó ń lọ sọ́jà. Bí ẹ bá sì ti gbé e dìde, búùtù ti tán nìyẹn. Ẹ ó yan ọ̀kan: èèyàn tàbí ẹrù.

Jíìpù ńlá gidi wà, bíi Sequoia tó gùn ju mítà márùn-ún lọ, tó ń gba èèyàn mẹ́jọ. Àyè wà nínú ìyẹn lóòótọ́. Àmọ́ ẹ́ńjìnnì V8 lítà 4.7 ló ń fa àwọn àkọ́kọ́ rẹ̀.

Ká má parọ́ mọ́ jíìpù, ó ní ibi tó ti dáa jù. Ìjókòó rẹ̀ ga, ẹsẹ̀ á wálẹ̀ dáadáa bí ìgbà téèyàn jókòó sórí àga nílé. Nínú mọ́tò kékeré, ìjókòó rẹlẹ̀, orúnkún á máa wá sókè, àgbàlagbà tí ẹsẹ̀ ń dùn á sì ṣe wàhálà kó tó lè jáde. Lásìkò òjò, tí kòtò bá kún fún omi, jíìpù tó ga lè kọjá níbi tí Corolla ti ń fi abẹ́ gbo ilẹ̀. Bí ẹ bá sì ká àga ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀, ẹrù tó ga á wọlé. Búùtù Corolla yẹn jẹ́ lítà 385. Bí a bá fi ìṣirò lásán ṣe é, kẹ́ẹ̀gì epo pupa oní-lítà 25 mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Ṣùgbọ́n búùtù kì í ṣe àpótí. Táyà ti jẹ nínú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ kò sì fẹ̀, kẹ́ẹ̀gì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò lè wọ ibẹ̀.

Síbẹ̀, gíga yẹn náà ló ń mú kí jíìpù máa fì sọ́tùn-ún sósì ní kọ́nà. Tòkunbọ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tá à ń rà, fóòmù ìjókòó wọn ti lò ogún ọdún. Corolla tí fóòmù rẹ̀ ṣì le tuni lára ju jíìpù tí tiẹ̀ ti tẹ̀ pẹrẹsẹ lọ. Àwọn tó ń ṣe ìjókòó mọ́tò lè pààrọ̀ fóòmù, owó rẹ̀ kò sì sún mọ́ owó ọkọ̀ tuntun rárá.

Ẹ tún wo owó epo. Kó tó di ọjọ́ 29 oṣù Kárùn-ún 2023, tí Ààrẹ Bola Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, lítà kan kò tó 200 náírà l'Ékòó. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó ti fẹ́ẹ̀ tó 500, kò sì tíì padà síbi tó wà láti ìgbà náà. Corolla ń lo ẹ́ńjìnnì lítà 1.8. Highlander onílà mẹ́ta tá à ń rí, ọ̀pọ̀ jẹ́ V6 lítà 3.3. Ẹni tó ń dá lọ, tó ń dá bọ̀, àga òfìfo ló ń fi owó epo gbé kiri.

Àwọn kan á ní iyì ńkọ́? Òótọ́ ni pé wọ́n ń tètè ṣílẹ̀kùn fún oníjíìpù lóde àríyá. Ṣùgbọ́n oníbàárà tó bá dé ṣọ́ọ̀bù tí kò bá ọjà níbẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹlòmíì ló máa lọ, kò ní bi yín léèrè mọ́tò.

Ìmọ̀ràn mi nìyí. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: èèyàn mélòó lẹ gbé lójúmọ́, ẹrù wo lẹ gbé. Bó bá jẹ́ èèyàn méjì àti ẹrù díẹ̀, Corolla ti tó. Bó bá jẹ́ ẹrù lónìí, èrò lọ́la, ẹ wo Sienna tí wọ́n ṣe láti 2004 síwájú: ìlà ìkẹta rẹ̀ ń ká wọ ilẹ̀ ọkọ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ ń fà, ilẹ̀ rẹ̀ kò sì ga fún ẹni tó ń gbé ẹrù sí i. Bó bá jẹ́ ọ̀nà tó burú àti òbí tó ti dàgbà, ẹ ra jíìpù, àmọ́ kó jẹ́ èrè lẹ fi rà á, kì í ṣe owó ọjà.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ mú àwọn tó máa jókòó sínú ẹ̀ dání. Kí ẹni tó máa wà á tún ìjókòó rẹ̀ ṣe bó ṣe fẹ́, kí àgbàlagbà mẹ́ta jókòó sẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn, kí ẹ sì wà á gba ojú ọ̀nà tó ní kòtò. Kẹ́ẹ̀gì tàbí àpò tẹ́ ẹ máa ń gbé, ẹ gbé e dání, ẹ fi sí búùtù. Bí ẹni tó ń tà á kò bá gbà, ẹ máa lọ síbòmíì.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Mọ́tò tó bá iṣẹ́ yín mu ni kẹ́ ẹ rà.