Ọkọ̀ tí ń gbọ̀n ní ìkọ́nà: kí wọ́n béèrè kí wọ́n tó tú u

Bí bàṣé bá kúrò lójú ọ̀nà tààrà, tí awakọ̀ sì yí ìdarí pátápátá láti wọ ẹnu ọ̀nà ọjà tàbí ilé epo, nígbà mìíràn gbígbọ̀n á bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ìjókòó. Ọkọ̀ á máa lọ́ra bí ẹni pé ẹnìkan di ìdí rẹ̀ mú. Á gbọ̀n jìgìjìgì lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin, táyà á han lórí ọ̀dà; bí ó bá sì ti tọ́ padà, gbogbo rẹ̀ á dákẹ́. Awakọ̀ á wo ojú ẹni tí ó jókòó tì í. Ìyá alágbàdo tí ó wà lẹ́yìn láàárín àwọn àpò rẹ̀ á pe orúkọ Ọlọ́run. Ní ọjọ́ kejì, ọkọ̀ á ti wà ní garáàjì, ọ̀gá á tẹ́tí sí i fún ìṣẹ́jú kan níbi tí ó dúró sí, á ní: «Cardan ni. Ẹ lọ rà á wá.»

Wọ́n á rà á. Wọ́n á dè é. Ọkọ̀ á sì tún gbọ̀n ní ìkọ́nà àkọ́kọ́. Nígbà náà ni wọn yóò ní rotule ni, lẹ́yìn náà wọn yóò ní amortisseur ni. Ẹni tí ó ni ọkọ̀ á máa fura sí awakọ̀, awakọ̀ á máa bú ẹni tí ó ta irin náà, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí ó de bóòtì á sì jẹ ìyà ohun tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Nínú gbogbo ìrìnkèrindò yìí, kò sí ẹni tí ó bi ọkọ̀ náà ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

Àṣà yìí ni ó ń jẹ owó àwọn awakọ̀ run ju àìsàn ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lọ. Gbígbọ̀n ní ìkọ́nà kì í ṣe àìsàn kan; àmì ni, ó sì lè ti ibi márùn-ún tàbí mẹ́fà wá. Ọ̀kan nínú wọn kì í náni ní kọ́bọ̀. Òmíràn kò ju òróró tuntun lọ. Ọ̀kan sì wà tí ó lè pa gbogbo ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀. Ẹni tí ó bá sọ orúkọ irin kan kí ó tó yà wọ́n sọ́tọ̀, tẹ́tẹ́ ni ó ń ta, owó ẹlòmíràn ni ó sì fi ń ta á.

Ìdí tí ìkọ́nà fi ń tú àṣírí ọkọ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń lọ tààrà, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń rin ìrìn kan náà. Bí ó bá yà, ẹsẹ̀ tí ó wà lóde á rìn jìnnà ju èyí tí ó wà nínú lọ, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọdé tí ó to ọ̀wọ́, tí wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú, tí wọ́n sì ń yípo: ẹni tí ó wà láàárín fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò lójú kan, ẹni tí ó wà ní ìpẹ̀kun ń sáré títí ó fi ń mí hẹlẹ. Ẹ mú ọkọ̀ tí àlàfo láti táyà ọ̀tún dé ti òsì rẹ̀ jẹ́ mítà kan ààbọ̀. Bí ó bá yí òbìrí kan gbáko, táyà òde yóò ti fi ohun tí ó lé ní mítà 9 rìn ju táyà inú lọ. Òbìrí náà ìbáà fẹ̀ bí pápá bọ́ọ̀lù, ìbáà kéré bí àgbàlá, ìyàtọ̀ náà kò yí padà. Ṣùgbọ́n nínú òbìrí kékeré, kíákíá ni ọkọ̀ ní láti rí ibi fi í sí.

Irin tí ó so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ gbọ́dọ̀ gba ìyàtọ̀ yìí láàyè. Iṣẹ́ àpótí irin kìrìbìtì tí ó wà láàárín táyà ẹ̀yìn nìyẹn, èyí tí gbogbo garáàjì ń pè ní pont. Nínú rẹ̀ ni àwọn irin eléyín wà tí ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ kan yára ju èkejì lọ nígbà tí ẹ̀rọ ṣì ń ti àwọn méjèèjì. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ aago ṣíṣe, Onésiphore Pecqueur, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú rẹ̀ fún ọkọ̀ ní apá ìparí àwọn ọdún 1820, nígbà tí ó jẹ́ pé agbára omi gbígbóná ni ó ń ti ọkọ̀. Kò yani lẹ́nu pé alágogo ni ó ronú kàn án: ẹni tí ó mọ̀ pé ọwọ́ gígùn àti ọwọ́ kúkúrú kì í sáré bákan náà.

Láti ibí ni ìbéèrè àkọ́kọ́ ti wá, ohun ìtìjú ni ó sì jẹ́ pé òun ni wọ́n máa ń béèrè kẹ́yìn: níbo ni ọ̀pá kékeré ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ jíà wà? Nínú ọ̀pọ̀ Hilux àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ọ̀pá yìí, tàbí bọ́tìnnì tí ó rọ́pò rẹ̀ nínú àwọn tuntun, ni ó ń so ẹsẹ̀ iwájú mọ́ ti ẹ̀yìn kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè jọ fa ọkọ̀. Bí ó bá wà ní 2, ẹ̀yìn nìkan ni ó ń ti ọkọ̀. Bí ó bá wà ní 4, iwájú àti ẹ̀yìn ti di ìdè kan. Ṣùgbọ́n ní ìkọ́nà, ẹsẹ̀ iwájú náà ń rìn jìnnà ju ti ẹ̀yìn lọ, kò sì sí pont kankan láàárín àwọn méjèèjì tí yóò gba ìyàtọ̀ yẹn. Lórí iyanrìn tàbí nínú ẹrẹ̀, táyà á yọ̀ díẹ̀, wàhálà á tán. Lórí ọ̀dà gbígbẹ, kò sí ibi tí yóò yọ̀ sí. Irin á máa lọ́ra pọ̀ bí okùn tí wọ́n ń fún, títí táyà kan yóò fi fò lójijì. Fífò yẹn ni gbígbọ̀n náà.

Ó rọrùn láti mọ bí ó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀. Ní àkókò òjò, awakọ̀ lọ kó àgbàdo ní oko tí ó jìnnà sí Kétu, ó fa ọ̀pá sí 4 kí ó lè jáde nínú ẹrẹ̀, ó dé ojú ọ̀dà ní ìrọ̀lẹ́, ebi ń pa á, ó gbàgbé. Kò sí ohun tí ó bàjẹ́ lára ọkọ̀ rẹ̀, àfi bí ó bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́. Nígbà náà ni irin yóò ya ní tòótọ́. Ìwòsàn rẹ̀ ni kí ó dúró, kí ó dá ọ̀pá padà sí 2, kí ó sì fi ọkọ̀ rìn sẹ́yìn ní ìwọ̀n mítà díẹ̀ kí ìdè náà lè tú. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ìdánilójú, kí ó wa ọkọ̀ kan náà yí òbìrí lórí ilẹ̀ oníyanrìn, kí ó tún yí i lórí ọ̀dà. Bí ó bá ń gbọ̀n lórí ọ̀dà tí kò sì gbọ̀n lórí iyanrìn, kí ó tọ́jú owó cardan sí àpò rẹ̀ títí wọn yóò fi yẹ ọ̀pá náà wò. Ní ti ọ̀pọ̀ bàṣé Peugeot àtijọ́ tí kò ní ọ̀pá yìí rárá, ìbéèrè náà kò kàn wọ́n.

Ìbéèrè kejì ni ti òróró. Àwọn ọkọ̀ kan wà tí wọ́n fi àwo irin pẹlẹbẹ sínú pont wọn, kí ẹsẹ̀ kan má baà máa yí lásán nínú ẹrẹ̀ nígbà tí èkejì dúró bí òpó. Àwọn àwo wọ̀nyí ní láti máa yọ̀ lára ara wọn ní ìkọ́nà, òróró tí wọ́n sì nílò kì í ṣe òróró gbogbo ẹ̀rọ: ó ní èròjà kan tí ń mú kí yíyọ̀ náà rọ̀. Bí ẹnìkan bá ti fa òróró àtijọ́ jáde tí ó sì da èyí tí ó wà nítòsí sí i, àwọn àwo náà á máa lẹ̀, wọ́n á máa já, wọ́n á tún lẹ̀. Gbígbọ̀n yìí ní ìwà tirẹ̀. Ìdí awakọ̀ ni ó ti ń gbọ́ ọ, kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀; ó ń ṣẹlẹ̀ bí ọkọ̀ bá yà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ní òbìrí kékeré, ní ọ̀tún àti ní òsì, ó sì máa ń le sí i lẹ́yìn ìrìn gígùn tí òróró ti gbóná. Kí wọ́n fa òróró náà jáde, kí wọ́n fi ọwọ́ pa á wò bóyá irin wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀, kí wọ́n da èyí tí ó tọ́ sí i, kí wọ́n sì lọ sí pápá gbalasa kan láti fi ọkọ̀ ya àwòrán 8 lẹ́ẹ̀mẹwàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí òróró náà lè wọ àárín àwọn àwo. Bí kò bá dákẹ́ lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ títú pont tó bẹ̀rẹ̀.

Ohùn ni yóò yanjú púpọ̀ nínú ìyókù. Bí ìdarí bá wà ní ìpẹ̀kun, tí ọkọ̀ ń lọ díẹ̀díẹ̀, tí «ka-ka-ka» sì ń jáde níwájú, nígbà yẹn ni ọ̀rọ̀ cardan lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ohùn bí oyin tí ń pọ̀ sí i nígbà tí ọkọ̀ bá yà sósì, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni kí wọ́n fura sí, nítorí òun ni ẹrù ń tẹ̀ nígbà náà. Bí ìdarí nìkan bá ń gbọ̀n nígbà tí ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró, kí wọ́n wo òróró ìdarí àti okùn rọ́bà tí ń yí ẹ̀rọ rẹ̀.

Àwọn ọ̀gá kan yóò ní ọ̀rọ̀ pọ̀ jù, pé ọwọ́ àwọn mọ ọkọ̀. Kò sí ẹni tí ó yẹ kí ó fojú tẹ́ńbẹ́lú ọwọ́ tí ó ti tú ọkọ̀ fún ogún ọdún. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ó dúró kì í yà, ohun tí kò sì yà kò lè fi hàn bí ó ti ń gbọ̀n ní ìkọ́nà. Ọ̀gá tí kò bá jókòó sínú ọkọ̀ náà, kí ó bá awakọ̀ yípo lẹ́ẹ̀mejì, kò tíì wò ó. Abéèrè kì í ṣìnà, àwọn àgbà kò sì yọ mẹkáníìkì sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́.

Awakọ̀ náà ní ẹ̀bi tirẹ̀. «Ó ń gbọ̀n» ni gbogbo ohun tí ó máa ń sọ. Ó ń fi pamọ́ pé òun wa ọkọ̀ ní 4 láti àárọ̀, ó ń fi pamọ́ pé táyà àlòkù tí òun fi sí iwájú ga ju ti ẹ̀yìn lọ, bẹ́ẹ̀ nínú ọkọ̀ tí ó wà ní 4, ìyàtọ̀ táyà nìkan ti tó láti dá wàhálà sílẹ̀. Ìwé ìkọ̀wé kékeré kan lábẹ́ ìjókòó ì bá ṣe é láǹfààní: ọjọ́ wo, ojú ọ̀nà wo, apá ibo ni ó yà sí, eré mélòó, ọkọ̀ tutù àbí ó gbóná, ọ̀pá wà níbo. Kò nílò ju ìlà kan lọ, kò sì di dandan kí ó jẹ́ èdè Faransé. Bákan náà ni fún ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí ó mọ orúkọ irin ogójì ní èdè Faransé láìmọ ìdí tí ẹnìkan nínú wọn fi wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá wí fún un ní èdè ìyá rẹ̀ pé ẹsẹ̀ òde ń sáré ju ti inú lọ, yóò dá èyí tí ó kù rò fúnra rẹ̀.

Gbígbọ̀n kan kù tí kò ní sùúrù. Kí wọ́n gbé iwájú ọkọ̀ sókè lórí ohun tí kò ní yẹ̀, kí wọ́n di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀ kí wọ́n mì ín, lẹ́yìn náà ní ọ̀tún àti ní òsì, kí wọ́n sì fún àwọn bóòtì rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí táyà bá ń ṣe jọ̀wọ̀lọ̀ lọ́wọ́, bóòtì ni ó dẹ̀, tàbí ohun tí ó wà nínú ẹsẹ̀ náà ti jẹ, tàbí rotule ti jẹ. Rotule tí ó bá já lójú eré á mú kí táyà wó sí ẹ̀gbẹ́, ìdarí kò sì ní í jẹ́ ti ẹnikẹ́ni mọ́. Ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ jáde ní garáàjì lọ́jọ́ náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọjọ́ ọjà, bí àwọn ìyá alágbàdo tilẹ̀ ti kó ẹrù wọn jọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí wọ́n ń dúró dè é.