Ẹni Tó Gba Epo Sílẹ̀ Ńkọ́?

Ọmọ ọdún 16 ni Chika Amalaha nígbà tó gbé irin ní ìdíje Commonwealth ní Glasgow lọ́dún 2014. Àpapọ̀ kílò 196 ló gbé, ó gba góòlù àwọn obìnrin tí kò wúwo ju kílò 53 lọ, inú Nàìjíríà sì dùn. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, èsì àyẹ̀wò ìtọ̀ rẹ̀ jáde: amiloride àti hydrochlorothiazide ni wọ́n bá níbẹ̀. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni dókítà sábà máa ń kọ irú oògùn yìí fún. Wọ́n máa ń múni tọ̀ léraléra. Ara á fúyẹ́ kó tó gun òṣùwọ̀n, ìtọ̀ á sì dà bí omi débi pé oògùn mìíràn tó bá wà nínú rẹ̀ á ṣòro láti rí. Wọ́n gba góòlù náà, wọ́n gbé e fún Dika Toua ti Papua New Guinea.

Níbo ni ọmọ ọdún 16 ti mọ irú oògùn bẹ́ẹ̀? Ta ló rà á? Ta ló sọ iye tó máa lò? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, àmọ́ orúkọ ọmọ yẹn nìkan ni aráyé ń dá títí dòní. Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Ní Nàìjíríà, ọmọ là ń fìyà jẹ, a sì ń fi àgbà sílẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ẹ̀bẹ̀ là ń bẹ̀ fún ẹni tó bá jẹ̀bi. Ìyà tó jẹ Blessing Okagbare, eléré sísá ọmọ Nàìjíríà, tọ́ sí i. Àgbà ni, ó mọ ohun tó ń ṣe. Ní June 2021, ó sá mítà 100 ní Èkó ní ìṣẹ́jú àáyá 10.63, atẹ́gùn sì tì í lẹ́yìn. Nínú oṣù yẹn náà ni àyẹ̀wò bá EPO, oògùn tó ń fi kún ẹ̀jẹ̀, lára rẹ̀. Nígbà tó di July, wọ́n tún bá hómóònù ìdàgbàsókè. Ọjọ́ tó yẹ kó sá ìpele tó kángun sí àṣekágbá ní ìdíje Olympic ní Tokyo gan-an ni wọ́n dá a dúró. Ọdún 10 ni wọ́n kọ́kọ́ fi lé e, wọ́n tún fi ọ̀kan kún un. Ohun tó dunni jù ni pé àyẹ̀wò yìí kan náà ti ṣe é lóore rí: idẹ tó gbà nínú eré fífò ní Beijing 2008 di fàdákà lọ́dún 2017, nígbà tí àṣírí oògùn tí Tatyana Lebedeva ti Rọ́ṣíà lò tú.

Ẹni tó kó oògùn fún un ńkọ́? Amẹ́ríkà ló mú un. Eric Lira, ará Texas, gbà nílé ẹjọ́ lọ́dún 2023 pé òun jẹ̀bi, ó sì gba ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta lọ́dún 2024. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí òfin Rodchenkov, òfin Amẹ́ríkà tó de oògùn nínú eré ìdárayá, mú. Eléré Nàìjíríà ló kó oògùn fún, òfin ilẹ̀ ẹlòmíràn ló jẹ ẹ́ níyà. Ó yẹ kí ojú tì wá.

Eré kẹ̀kẹ́ gan-an, tí oògùn bà jẹ́ kanlẹ̀, ṣe jù wá lọ. Nígbà tí wọ́n gba Tour de France méje lọ́wọ́ Lance Armstrong lọ́dún 2012, wọ́n fòfin de dókítà rẹ̀, Michele Ferrari, títí láé. Lọ́dún 2018, ó kan Johan Bruyneel, ọ̀gá ikọ̀ Armstrong.

Ní Tokyo tí wọ́n ti dá Okagbare dúró yẹn kan náà, wọ́n dá eléré wa 10 padà láìbá oògùn kankan lára wọn. Àyẹ̀wò mẹ́ta tí òfin ní kí wọ́n ṣe fún wọn láìsọ tẹ́lẹ̀ ni kò pé. Iṣẹ́ àwọn aláṣẹ nìyẹn. Àwọn ọmọ náà gbé páálí, wọ́n fi ẹ̀hónú hàn níta gbangba.

Ọ̀rọ̀ náà kàn wá nílé níbí: ní May 2025, Abẹ́òkúta gbàlejò ìdíje eré ìdárayá gbogbo Nàìjíríà ní pápá MKO Abiola ní Kútọ̀. Alágbo ń kiri ìdíkọ̀ wa láràárọ̀, ọ̀pọ̀ kẹ́míìsì sì ń ta oògùn láìbéèrè ìwé dókítà. Ọmọ tó ti Ọ̀fàdà tàbí Lafẹ́nwá wá sáré kò lè mọ gbogbo ohun tó wà nínú páúdà tí wọ́n bá pò fún un. Kóòṣì rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn kọ ọ́ sínú àdéhùn gbogbo kóòṣì àti dókítà ikọ̀: bí àyẹ̀wò bá mú ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, kí àwọn náà kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn títí ìwádìí yóò fi parí. Kí wọ́n má dúró de Àbújá.