Onílé Kì Í Tọrọ Ọ̀nà

Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ ọdún 1967, àwọn ọmọ-ogun Biafra sọdá Odò Ọya, wọ́n gba Ìbíní, wọ́n sì ya dé Orè ní agbègbè Òdìgbó, níbi tí ọmọ-ogun ìjọba àpapọ̀ ti dá wọn dúró. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó gbé ìbọn ni ó ni ọ̀nà: bí ó bá ní kí èrò padà, yóò padà.

Ogun parí ní ọdún 1970. Kí ni ó wá dé tí èrò ọkọ̀ ṣì ń wárí fún agbófinró ní ọ̀nà Orè sí Ìbíní? Àwọn kan a ní nítorí olè ni. Òótọ́ ni pé olè wà. Ṣùgbọ́n wíwá olè kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú gbígba owó ibodè.

Abala 41 nínú òfin ọdún 1999 fún ọmọ Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ láti rìn káàkiri ilẹ̀ rẹ̀. Àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 sì gba ará Gánà tí ìwé rẹ̀ pé láàyè láti wọlé fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Bí àlejò kò bá tọrọ ọ̀nà, ṣé onílé ni yóò máa tọrọ rẹ̀?