Ẹ Má Ṣe Gbé Ìtàn Ilé Yín Wọ Ibojì

Lónìí, ìjà ni mo bá wá. Mo fẹ́ bá àwọn bàbá àti àwọn ìyá jà, àwọn tó mọ ìtàn ilé wọn tí wọn kò sì sọ ọ́ fún ọmọ.

A máa ń sọ níbi ìnáwó pé odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Gbogbo ènìyàn á dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó dára. Ẹ wá pe ọmọ ọdún méjìlá kan láàárín àwọn tó jókòó síbẹ̀. Ẹ bi í pé: kí ni orúkọ bàbá tó bí bàbá àgbà rẹ? Ìlú wo ni ìyá ìyá rẹ ti wá? Ọmọ náà á wolẹ̀. Ọmọ yìí kan náà mọ orúkọ àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní ilẹ̀ Faransé. Ṣé òun ni ẹ máa bú? Ta ni kò sọ fún un?

Ẹ wo Parakú tí a wà yìí. Ìlú tí ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ti pàdé ni. Bàrìbá wà níbẹ̀, Dẹ́ńdì wà níbẹ̀, Fọ̀n wà níbẹ̀, àwa Nàgó náà wà níbẹ̀. Òwò ló gbé àwọn kan wá. Àwọn mìíràn bá ọkọ̀ ojú irin wá, nítorí ojú irin tó ti Kútọnú wá dé Parakú ní ọdún 1936, ibẹ̀ ló sì parí sí. Ní irú ìlú báyìí, orúkọ nìkan kò lè fi ilé ènìyàn hàn. Láàárín àwọn Bàrìbá, Sábí ni wọ́n ń pe ọmọkùnrin kejì. Sábí mélòó ló wà ní Parakú? Láàárín àwa Nàgó tó jẹ́ Mùsùlùmí, Ìbúráímà kún àdúgbò. Ìwé ìbí á sọ orúkọ ọmọ, orúkọ bàbá àti ti ìyá. Kò ní sọ ìdí tí bàbá àgbà fi kúrò ní Ṣabẹ. Kò ní sọ ẹni tó gbà á sílé nígbà tó dé.

Àwọn kan ń sọ pé ọmọdé kò lè mọ ìtàn sórí. Irọ́ ni. Ọmọ tí ẹ ń rán lọ sí ọjà Arzèkè, tó mọ iye tí wọ́n ń ta tòmátì, tó sì ka ṣéńjì padà fún yín láìṣì í, ṣé orúkọ ènìyàn mẹ́fà ni yóò wá ṣòro fún un?

Àwọn mìíràn ń sọ pé bí a bá ń ka ìran, ìyapa á dé láàárín ẹ̀yà. Ọ̀rọ̀ yìí ní ìwọ̀n òótọ́ díẹ̀, nítorí àwọn àgbà kan wà tí ìtàn wọn kò ju pé àwa la jẹ́ ọba, àwọn yẹn jẹ́ ẹrú wa. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Gbogbo wa kò lè jẹ́ ọmọ ọba. Ta ni ó ń ro oko nígbà náà? Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ìtàn ilé rẹ̀ dáadáa ní Parakú, á rí i pé Bàrìbá kan wà níbẹ̀ tó fún wọn ní ilẹ̀, tàbí ìyá kan tó jẹ́ Dẹ́ńdì. Àìmọ̀ ló ń mú ọmọ bú ẹ̀yà ìyá rẹ̀.

Ìtìjú ńkọ́? Ó wà. Ilé wà tí wọ́n ti ra ẹnì kan. Ilé wà tó ti ta ẹnì kan. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ Kétu. Ní ọdún 1886, nígbà ọba Glèlè, àwọn ọmọ ogun Dànhọ̀mẹ̀ fọ́ ìlú náà, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn lọ sí Àgbọ̀mẹ̀ ní ìgbèkùn. Nígbà tí àwọn Faransé ṣẹ́gun Dànhọ̀mẹ̀, àwọn ará Kétu padà sílé, wọ́n tún ìlú wọn kọ́, wọ́n sì tún fi Alákétu jẹ. Ọmọ tí wọ́n bí sí ìgbèkùn, ta ló sọ fún un pé Kétu ni ilé rẹ̀? Ẹnì kan ló sọ ọ́, kò sì tijú. Ní Kétu náà, wọ́n ní olóyè kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Ẹlẹ́gùn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mọ ìtàn àwọn ọba sórí, kí ó sì kà á bí ọba tuntun bá fẹ́ jẹ. Ilé tèmi àti tìrẹ kò ní Bàbá Ẹlẹ́gùn. Ìwọ ni.

Ẹ tún wo àwọn tí wọ́n kó kọjá òkun, tí wọn kò padà mọ́. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ṣe òfin pé ọmọ wọn lè gba ìwé ọmọ orílẹ̀-èdè wa. Ní oṣù keje ọdún 2025, Ciara, olórin ará Amẹ́ríkà, gba tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń sanwó fún àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní ADN, kí wọ́n lè mọ ibi tí ìran wọn ti wá. Àyẹ̀wò náà á sọ agbègbè, kò ní sọ orúkọ ìyá kankan. Àwọn yẹn ń rékọjá òkun nítorí ohun tí bàbá àgbà rẹ lè sọ fún ọmọ rẹ lálẹ́ òní lábẹ́ igi máńgòrò, lọ́fẹ̀ẹ́. O sì ń sọ pé ó di ọjọ́ mìíràn!

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ọkàn nìkan. Òfin ilẹ̀ ti ọdún 2013 fún ẹni tó jogún oko láyè láti gba ìwé lé e lórí. Ṣùgbọ́n kí ó tó gbà á, ó ní láti fi hàn bí ilẹ̀ náà ṣe dọ́wọ́ rẹ̀. Bí àgbà bá kú láì sọ̀rọ̀, ẹnu aládùúgbò ni ọmọ á máa wò. Òfin ìdílé ti ọdún 2004 sì sọ pé ọmọbìnrin ń jogún bí ọmọkùnrin. Nítorí náà ẹ má ṣe lé ọmọbìnrin lọ sí ìdí ààrò nígbà tí ẹ bá ń sọ ìtàn. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n ka ìlà bàbá nìkan. Ọmọkùnrin kan á lọ sí Kútọnú, á rí ọmọbìnrin tó wù ú, wọ́n á lóyún, kí wọ́n tó mọ̀ pé ìyá kan náà ló bí àwọn ìyá àgbà wọn. Ẹjọ́ ta ni?

Ẹ ti mọ ìwé kọ báyìí. Ẹ ra kàyé kan tí ẹnikẹ́ni kò ní fi ṣe ìṣirò. Ẹ lọ bá ẹni tó dàgbà jù nínú ilé, kí ọmọ tẹ̀ lé yín. Ẹ kọ́kọ́ béèrè orúkọ àwọn obìnrin, nítorí àwọn ni wọ́n ń tètè gbàgbé. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀, ní Nàgó. Bí orúkọ kan bá le, ẹ pè é síta lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ tó kọ ọ́. Bí àgbà méjì bá sọ ọ́ yàtọ̀ síra, ẹ kọ méjèèjì, kí ẹ kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kí ẹ sì fi ojú ìwé sílẹ̀ lófìfo lẹ́yìn, fún ọwọ́ ọmọ yín.