Jẹjẹrẹ Kì í Ṣe Ẹyọ Kan: Iṣẹ́ Olùkọ́ Yorùbá Lórí Orúkọ Àrùn

Igi ni gbogbo igi ń jẹ́, ṣùgbọ́n agbẹ́gilére bí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, tí ó gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́, kò jẹ́ mú ohun èlò láìkọ́kọ́ mọ irú igi tí ó wà níwájú rẹ̀. Èrò wa ni pé irú ìmọ̀ yìí ni ó sọnù nínú ọ̀nà tí a ń gbà lo ọ̀rọ̀ náà 'jẹjẹrẹ'.

Ẹ jẹ́ kí a wo jẹjẹrẹ sẹ́ẹ̀lì atúhọ́mónù, tí ó máa ń mú ìfun, ẹ̀dọ̀fóró tàbí ẹ̀yà inú tí ń pèsè ínsúlínì. Òun ni wọ́n rí lára Steve Jobs, ọ̀kan nínú àwọn olùdásílẹ̀ Apple, ní ọdún 2003. Ọdún 2011 ni ó tó kú. Jẹjẹrẹ tí ó wọ́pọ̀ jù nínú ẹ̀yà inú kan náà kì í sábà fún ènìyàn ní ọdún mẹ́jọ.

Kí dókítà tó yan ìtọ́jú, ìbéèrè méjì ni ó gbọ́dọ̀ wá ìdáhùn sí. Èkíní: báwo ni àrùn náà ṣe ń yára dàgbà? Onímọ̀ àyẹ̀wò ẹran ara yóò gé díẹ̀ lára kókó náà, yóò sì ka iye sẹ́ẹ̀lì tí ń múra àtipín. Bí wọn kò bá tó 3 nínú 100, jẹ́jẹ́ ni àrùn ń rìn; bí wọ́n bá ju 20 lọ, eré ni ó ń sá. Èkejì: ǹjẹ́ ojú-ìgbàṣẹ, ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń gba àṣẹ họ́mónù sómátósítátìnì, wà lára rẹ̀? A ó fún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ èròjà onítànṣán tí ń lọ lẹ̀ mọ́ ojú náà. Bí ó bá wà, yóò hàn nínú àwòrán. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí irú èròjà bẹ́ẹ̀, gallium-68 dotatate, ní ọdún 2016. Ní 2018, wọ́n fọwọ́ sí lutetium-177 dotatate, tí ń gba ojú kan náà wọlé láti pa sẹ́ẹ̀lì náà. Ẹni tí àwòrán rẹ̀ kò fi ojú-ìgbàṣẹ hàn, ọ̀nà mìíràn ni a ó wá fún un.

Àwọn kan lè sọ pé iṣẹ́ dókítà ni èyí, kì í ṣe tiwa. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Aláìsàn ní Ìkẹ́rẹ́ tàbí Ìsẹ̀ tí ó gbọ́ 'jẹjẹrẹ' lásán, ikú ni ó gbọ́. Kò rí ìdí tí yóò fi náwó sórí àyẹ̀wò kejì. Èdè-ìperí tí Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ (1984) àti èyí tí Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ (1990) ti ràn wá lọ́wọ́ láti fi Yorùbá kọ́ gírámà àti lítíréṣọ̀. Ẹ jẹ́ kí àwa olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ wa fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú dókítà àti nọ́ọ̀sì láti ṣe bákan náà fún ìṣègùn. Àbá lásán ni 'ojú-ìgbàṣẹ' àti 'sẹ́ẹ̀lì atúhọ́mónù' tí a lò níhìn-ín. Ẹni tí ó bá ní èyí tí ó sàn jù, kí ó mú un wá. Ohun tí a kò mọ orúkọ rẹ̀, a kì í lè bèèrè rẹ̀.