Ta Ló Sọ Pé Ẹni Tó Borí Ló Jà Dáadáa?

Ẹ̀yin ará mi, bí àwọn ọ̀dọ́ bá jáde nílé tí wọ́n ti ń wo ìjàkadì nínú tẹlifíṣọ̀n, ìbéèrè kan ṣoṣo ni àwọn tó wà níta máa ń bi wọ́n: «Ta ló dá ta?» Wọn á dáhùn, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Èmi kò fara mọ́ ìbéèrè yìí. Kò bá irú ìjàkadì tí wọ́n ń wò yẹn mu. Òun náà ló sì jẹ́ kí àwọn olùṣètò ìjà máa fi ohun tí kò dára gba owó lọ́wọ́ wa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya ìjàkadì méjì sọ́tọ̀, torí pé a máa ń pò wọ́n pọ̀.

Ìjàkadì àwọn bàbá wa, tí àwọn kan ń pè ní ẹkẹ, tí àwọn mìíràn ń pè ní gídígbò, kò ṣòro láti lóye. Ẹni méjì á gbá ara wọn mú. Ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kan ilẹ̀, wọ́n ti dá a nìyẹn. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tó mọ ẹni tí yóò dá èkejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìjàkadì tí àwọn ará Senegal ń pè ní làmb. Ọkùnrin kan níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Yékini jà fún nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láìsí ẹni tó dá a. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 2012, Balla Gaye 2 dá a. Ní ọjọ́ yẹn, «ta ló dá ta?» ni ìbéèrè tó tọ́, torí pé òun gan-an ni àwọn ènìyàn sanwó wá wò.

Ìjàkadì kejì ni èyí tí àwọn tó gbọ́ Faransé ń pè ní catch. Òun ni àwọn ará Amẹ́ríkà, Mẹ́síkò àti Jàpáànù ń ṣe lórí pèpéle onígun mẹ́rin tí wọ́n fi okùn yí ká. Nínú èyí, kí agogo tó dún, àwọn oníjàkadì àti ọ̀gá wọn ti jọ fẹnu kò lórí ẹni tí yóò borí. Kì í ṣe àṣírí mọ́. Ní ọdún 1989, ilé iṣẹ́ WWF, tó ń jẹ́ WWE lónìí, sọ ọ́ fún àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ New Jersey ní Amẹ́ríkà pé eré ìgbafẹ́ ni iṣẹ́ àwọn, kì í ṣe ìdíje. Kí ló mú wọn sọ ọ́? Owó ni. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà ń bójú tó ìdíje bí ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, ó sì ń gba owó lórí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ eré ìgbafẹ́, wọn ò ní san án. Ẹ ò rí i pé àpò ló mú òtítọ́ jáde lẹ́nu wọn!

Nígbà tó ti rí bẹ́ẹ̀, kí ni ìborí tún fẹ́ sọ fún wa? Ọ̀gá ló fi fún ẹni tó borí. Ẹni tí wọ́n pèsè àga sílẹ̀ dè, a kì í yìn ín pé ó mọ àga wá.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní: «Àwa ti sọ tẹ́lẹ̀! Irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Kò sí ohun tí ènìyàn lè ṣèdájọ́ níbẹ̀.» Àwọn wọ̀nyí ni mo fẹ́ bá jiyàn jù.

Ẹ̀yin ará Odò-Mẹ́ta, ẹ̀yin ará Kétu gbogbo, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè. Nígbà tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá jáde, ta ni kò mọ̀ pé ọkùnrin ló wà lábẹ́ aṣọ? Ọmú tó wà láyà rẹ̀, igi ni. Ìdí tó tóbi yẹn, aṣọ ni wọ́n dì í. Ṣé a máa ń dìde lọ sílé pé irọ́ ni? Rárá o. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni à ń wò. Onílù ti sọ̀rọ̀, ṣé ẹsẹ̀ gbọ́? Ìlù dúró lójijì, ṣé ẹsẹ̀ dúró pẹ̀lú rẹ̀, àbí ó ṣì ń tẹ ilẹ̀? Àgbàlagbà tó jókòó lórí àpótí lè má sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n bí ó bá mi orí báyìí, gbogbo wa mọ̀ pé oníjó yẹn kò gbọ́ ìlù. Ní ọdún 2001, àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ pé ó wà lára àwọn iṣẹ́ ńlá tí ọmọ ènìyàn jogún. Wọn ò bèèrè pé ṣé obìnrin ni kí wọ́n tó kéde rẹ̀.

Nítorí náà, àwa gan-an mọ bí a ti ń ṣèdájọ́ ohun tí a ti mọ òpin rẹ̀. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni láti ọ̀nà jíjìn wá máa kọ́ wa.

Ohun mìíràn tún wà. Ẹni tí yóò borí ni wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ìṣubú kì í ṣe irọ́. Pákó ni pèpéle yẹn, irin ló wà nísàlẹ̀ pákó, ohun tí wọ́n tẹ́ sórí rẹ̀ kò nípọn. Ẹni tí wọ́n bá gbé sókè ti fi ọrùn rẹ̀ sí ọwọ́ ẹni tó gbé e. Ẹni tó gbé e gbọ́dọ̀ mú un délẹ̀ kí gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ kan pákó lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ń ṣubú gbọ́dọ̀ fa àgbọ̀n rẹ̀ mọ́ àyà kí orí rẹ̀ má baà gbá ilẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣe àṣìṣe, ẹni kan lè má rìn mọ́.

Ẹ wá jẹ́ ká wo ìjà méjì tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kan náà, 29 oṣù kẹta ọdún 1987, ní ìlú Pontiac ní Amẹ́ríkà. WWF ló ṣe é. Wọ́n kéde pé ènìyàn 93,173 ló wá. Àwọn kan ń jiyàn iye yẹn títí di òní, ẹ sì mọ bí olùṣètò ṣe máa ń ka èrò.

Ìjà tí wọ́n torí rẹ̀ pe èrò ni ti Hulk Hogan àti André. Ọmọ ilẹ̀ Faransé ni André. Ó wọ̀n ju 200 kílò lọ, nítorí àìsàn kan tó ń mú ara dàgbà ju bó ṣe yẹ lọ. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀yìn ń dùn ún gan-an. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ó sì di ìgbànú mọ́ ẹ̀yìn lábẹ́ aṣọ ìjà rẹ̀. Kò lè sáré, kò lè fò. Síbẹ̀ ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe. Ní ìbẹ̀rẹ̀, Hogan gbìyànjú láti gbé e, kò ṣeé ṣe, André wó lé e mọ́lẹ̀. Nígbà tó wá di òpin, Hogan gbé e sókè, ó sì sọ ọ́ sílẹ̀. Ariwo sọ! Bí kò bá kọ́kọ́ kùnà láti gbé e, gbígbé ìkẹyìn yẹn kì bá tí ní adùn. André ló sì fi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún un, pẹ̀lú ẹ̀yìn tó ń dùn ún. Ó kú ní oṣù kìíní ọdún 1993.

Ìjà kejì kò gùn tó ìṣẹ́jú 15. Randy Savage àti Ricky Steamboat ni. Kò sí èyí tó ga bí André, kò sí èyí tó wúwo bíi tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù díẹ̀ ṣáájú, wọ́n ti fi hàn wá pé Savage fi agogo ìjà ṣe ọ̀fun Steamboat léṣe. Nítorí náà, nígbàkígbà tí ọwọ́ Savage bá sún mọ́ ọ̀fun yẹn lọ́jọ́ náà, àyà èrò á já. Àwọn méjèèjì ti tò ó lẹ́sẹẹsẹ tẹ́lẹ̀, kò sì sí ìgbésẹ̀ tó ṣòfò. Èyí fa èyí, ìyẹn fa ìyẹn. Steamboat borí, ṣùgbọ́n ká ní Savage ni wọ́n ní kó borí, ìjà náà ìbá ṣì dára. Ohun tí mo ń sọ gan-an nìyẹn. Ìjà tí adùn rẹ̀ bá wà nínú ẹni tó borí nìkan, kò ní adùn.

Ní tèmi, ìjà kejì yìí ló dára jù. Àwọn tó ń fi ìtóbi ara ṣèdájọ́ á sọ pé ti André ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́. Àwọn kan náà ló máa ń ra ẹran nítorí egungun rẹ̀ tóbi.

Àwọn kan wà ní Amẹ́ríkà tó ń fi ìràwọ̀ díwọ̀n ìjà. Akọ̀ròyìn kan tó ń jẹ́ Dave Meltzer ló gbajúmọ̀ jù nídìí rẹ̀. Òṣùwọ̀n rẹ̀ kì í sábà kọjá ìràwọ̀ márùn-ún. Ní oṣù kìíní ọdún 2017, Kazuchika Okada bá Kenny Omega jà ní Tokyo fún ohun tó lé ní ìṣẹ́jú 46, ó fún wọn ní mẹ́fà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2018, àwọn méjèèjì tún jà ní Osaka, ìjà náà kọjá wákàtí kan, ó fún wọn ní méje. N kò sọ pé ìjà wọ̀nyẹn kò dára. Mo bèèrè nǹkan kan péré: ẹ̀yin tí ẹ ń ta àgbàdo lọ́jà, bí igbá bá ti kún dé ẹnu, báwo lẹ ṣe tún fẹ́ wọn méjì sí i nínú igbá kan náà? Òṣùwọ̀n tó ń gbòòrò sí i bí ọjà bá ti ń dùn mọ́ni, kì í ṣe òṣùwọ̀n mọ́. Wákàtí kan náà kì í ṣe ẹ̀rí. Mo ti rí ìjà ìṣẹ́jú mẹ́fà tó wù mí ju ti wákàtí kan lọ.

Ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí ẹ̀jẹ̀ bá ti ṣàn, ìjà ti dára nìyẹn. Ẹ gbọ́ o: nínú catch, ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé oníjàkadì náà ló fi abẹ kékeré tó fi pa mọ́ gé iwájú orí ara rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ní abẹ lè ṣe é, kò gba ọgbọ́n kankan. Àìsàn tó ń ti inú ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn kò sì bèèrè bóyá eré ni wọ́n ń ṣe.

Ní Kinshasa, àwọn oníjàkadì kan máa ń mú oògùn wọ inú okùn. Ọ̀kan á fọn ọwọ́ síwájú, èkejì á ṣubú láìfara kàn án. Àwọn tó kàwé díẹ̀ máa ń fi wọ́n ṣẹ̀sín. Èmi ò ní fi wọ́n ṣẹ̀sín. Bí ẹni tó ṣubú bá ṣubú bí ẹni tí nǹkan mú lóòótọ́, tí èrò sì lóye ìdí tó fi ṣubú, iṣẹ́ ni wọ́n ṣe. Àwọn tí mo kórìíra ni àwọn tí kò ṣe nǹkan kan. Olùṣètò kan, tí n kò ní dárúkọ, gba owó wa nígbà kan fún ìjà alẹ́. Wákàtí méjì ni ẹ̀rọ gbohùngbohùn fi pariwo. Ìjà fúnra rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Ọkùnrin kan tó sanra ti ọkùnrin kan tó rù, ó ṣubú, wọ́n gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè. Nígbà tí a ráhùn, ohun tí wọ́n sọ ni pé: «Ṣé ẹ ò rí ẹni tó borí ni?»

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára ni àwọn ọmọ wa. Wọ́n ń gbé ara wọn lé èjìká nínú àgbàlá, wọ́n ń sọ ara wọn sórí ilẹ̀ líle. Àwọn òbí kan ní kí á pa tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n á lọ wò ó nílé ẹlòmíràn. Ọmọ tí a ti jẹ́ kó gbà pé ẹni tó ṣe ọmọnìkejì rẹ̀ léṣe ló jà dáadáa, kí lẹ fẹ́ kó ṣe? Ẹ jókòó tì í, kí ẹ fi hàn án. Ẹ sọ pé: «Wo ọwọ́ rẹ̀, wo bó ṣe di ẹ̀yìn ọrùn ẹnì kejì mú kí ó má baà fi orí gúnlẹ̀. Ọdún mélòó lo rò pé ó fi kọ́ ìyẹn?» Ọmọ tó bá rí ọwọ́ yẹn á mọ̀ pé òun kò tíì kọ́ ọ.

Àní àwọn tó kọ́ ọ pàápàá ń kú. Ní ọjọ́ 23 oṣù karùn-ún ọdún 1999, wọ́n ń fi okùn sọ Owen Hart kalẹ̀ láti òkè ilé ní Kansas City kí ó lè wọlé bí ẹyẹ. Okùn já a sílẹ̀, ó ṣubú, ó sì kú. Kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí jà rárá. Ìwọlé aláriwo ló pa á, àwọn olùṣètò sì ń bá eré lọ lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo sọ pé ìtìjú ni.

Nísinsìnyí tí ẹ ti mọ̀ọ́kà, ẹ ó máa rí ìwé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri bí ìjà bá ń bọ̀. Wọ́n á kọ orúkọ ẹnì kan gàdàgbà, wọ́n á ya àyà rẹ̀, wọ́n á kọ iye fránkì tí ẹ ó san. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ìwé náà níbi tí lẹ́tà ti kéré. Ẹ wá orúkọ ẹni tí yóò bá a jà, àti iye ìjà tí wọn yóò jà lálẹ́ ọjọ́ náà. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ bi ẹni tó ń gba owó lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ sì jẹ́ kí owó wà lápò títí tí yóò fi dáhùn.