Omi Tí Kò Mú Ọṣẹ Hó Kọ́ Ni Ó Ń Pa Ènìyàn

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ ọmọ Yorùbá tí ẹ ń gbé Òpópó Enugu àti gbogbo Sábọ̀n Gárì, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí lè bí ẹlòmíràn nínú. Bí ó bá bí i nínú, kí ó jọ̀wọ́ kà á tán ná.

Bí ọ̀rọ̀ bá ti kan omi láàárín wa, ẹjọ́ kan ṣoṣo ni à ń gbọ́: omi Kánò le. Ọṣẹ kì í hó nínú rẹ̀, aṣọ funfun ń dà bí aṣọ eléérú, èépá funfun ń lẹ̀ mọ́ ìdí kẹ́tùlù, ẹ̀wà kì í tètè jinná. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa ni ó ti sin òkú nítorí pé ọṣẹ kò hó? Ta ni kò sì mọ ilé tí àrùn onígbáméjì tàbí ibà jẹ̀funjẹ̀fun ti wọ̀ rí? Ohun tí ó ń ni wá lára ni a ń pariwo. Ohun tí ó ń pa wá, a dákẹ́ sí i.

Ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí líle omi jẹ́. Omi òjò kì í le. Nígbà tí ó bá wọ inú ilẹ̀, tí ó sì pẹ́ láàárín àpáta àti yanrìn, a máa yọ́ kálísíọ́mù àti mànẹ́síọ́mù mọ́ra. Àwọn èròjà wọ̀nyí ni wọ́n ń gbá ọṣẹ mú kí ó tó hó, àwọn náà ni wọ́n sì ń di èépá nígbà tí a bá se omi. Ìlànà omi mímu tí ìjọba Nàìjíríà gbé jáde ní 2007 fi 150 mílígíráàmù nínú lítà kan ṣe òpin líle omi, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí pé ó ń pani. Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá kò fi òpin kankan lé e nítorí àìsàn. Ìlànà 2007 kan náà sọ pé kòkòrò E. coli tí ó ń ti inú ìgbẹ́ wá kò gbọdọ̀ sí nínú omi mímu rárá, ì báà ṣe ẹyọ kan. Èwo nínú méjèèjì ni ó yẹ kí ó dí wa lójú oorun?

Ẹ tún wo ibi tí líle yìí ti wá. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930 ni omi ẹ̀rọ ti ń ti odò Challawa wọ Kánò. A sé odò fún Tiga ní 1974, a sé ti Challawa Gorge ní 1992. Omi odò bẹ́ẹ̀ sábà máa ń rọ̀ ju omi inú ilẹ̀ lọ. Ìgbà tí ẹ̀rọ kò bá yọ ni a ń sáré sí kànga, ibẹ̀ ni líle sì ti ń bá wa. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń pariwo pé omi le, ẹ̀rí ni ẹ ń jẹ́ pé omi ẹ̀rọ kò dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹjọ́ tí ó yẹ kí a gbé lọ sí iwájú ìjọba nìyẹn, kì í ṣe ẹjọ́ ọṣẹ.

Kí ni a wá ń ṣe dípò rẹ̀? A ń fi ọṣẹ yan omi. Bí mẹ́rúwà bá ti ọmọlanke rẹ̀ dé, a ó bu díẹ̀, a ó fi ọṣẹ pa á lọ́wọ́, bí ó bá hó, a ó ní omi yìí dára, a ó ra kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá. A kò bi í níbi tí ó ti pọn ọ́n. A kò wo inú kẹ́ẹ̀gì rẹ̀. Ẹ rántí 1995 sí 1996, nígbà tí onígbáméjì jà ní Kánò yìí. Àwọn tí ó kọlù lé ní 5,000, àwọn tí ó kú lé ní 300. Àwọn oníṣègùn tí wọ́n wádìí rẹ̀ rí i pé omi tí à ń rà ní òpópó wà lára ohun tí ó tàn án kálẹ̀. Wọ́n tún rí i pé àwọn tí wọ́n ń fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí wọ́n tó jẹun bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Ibi kan ṣoṣo tí omi líle ti lè ṣe wá ní ibi nìyí: bí a bá torí pé ọṣẹ ń tètè tán, kí a máa fi omi lásán ṣan ọwọ́. Ẹ jẹ́ kí ọṣẹ tán! Owó ọṣẹ kò tó owó pósí.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń fi ẹnu tọ́ omi wò kí ó gbọ́ ìtàn Lọ́ńdọ̀nù ní 1854. Kànga kan wà ní Broad Street tí àwọn ènìyàn fẹ́ràn omi rẹ̀. Opó kan tí ó ti kó kúrò ní àdúgbò náà fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń gbé e lọ fún un ní ilé rẹ̀ tí ó jìnnà. Onígbáméjì wà nínú omi dídùn náà, ó sì pa opó yẹn. Dókítà John Snow ni ó tọ́pa rẹ̀, tí wọ́n fi yọ ọwọ́ ẹ̀rọ kànga náà. Ahọ́n kò mọ kòkòrò. Álọ́ọ̀mù tí à ń dà sínú omi ń mú kí ó mọ́ lójú, kò pa ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Kànga inú ilé wa ńkọ́? Àwọn onímọ̀ ìmọ́tótó fẹ́ kí kànga àti ṣáláńgá jìnnà sí ara wọn tó 30 mítà, èyíinì ni nǹkan bí 100 ẹsẹ̀ bàtà. Ẹ̀yin onílé, ẹ fi ẹsẹ̀ wọn tiyín. Bí agboolé fúnra rẹ̀ kò bá gùn tó bẹ́ẹ̀, níbo ni kànga fẹ́ sá sí? Ohun tí ó ń ti ṣáláńgá sun wọ inú omi kì í ṣe kòkòrò nìkan. Náítréètì wà níbẹ̀, tí ìlànà sọ pé kò gbọdọ̀ ju 50 mílígíráàmù nínú lítà kan lọ. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, sísè kò sì lè mú un kúrò. Ọmọ ọwọ́ tí a ń fi irú omi bẹ́ẹ̀ po mílíìkì inú agolo fún ni ó ń wu léwu jù.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ: "Àlejò ni wá níhìn-ín. Kí ni tiwa nínú omi Kánò?" Ọ̀rọ̀ yìí ni ó ba wa jẹ́. Láti nǹkan bí 1911 ni Sábọ̀n Gárì ti wà. Àwọn tí wọ́n bí wa níhìn-ín ti sin òbí wọn síhìn-ín, síbẹ̀ a ń bẹ́rù àtifi náírà kan tún ibẹ̀ ṣe. Bí wọ́n bá ní kí a dá owó gbẹ́ kànga sí ìlú wa nílé, a ó dá a, a ó sì jó. N kò ní kí a má ṣe é. Ṣùgbọ́n ìgbà mélòó ni à ń mu omi ilé nínú ọdún? Àwọn àgbà ní ibi tí a bá ń gbé ni a ń ṣe. Kòkòrò inú omi kì í bèèrè ìlú ẹni.

Nítorí náà, mo gbé ọ̀rọ̀ mẹ́rin síwájú ẹ̀ka yìí.

Èkíní, kí a yọ díẹ̀ nínú owó oṣooṣù, kí a fi mú omi kànga Òpópó Enugu lọ sí yàrá ìdánwò, lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀gbẹlẹ̀, lẹ́ẹ̀kan ní àkókò òjò. Kí a ka èsì rẹ̀ ní gbangba, ì báà ṣe ti ilé Alága.

Èkejì, kí onílé tí kànga rẹ̀ kò dára sọ fún àwọn ayálégbé rẹ̀ pé omi ìfọṣọ ni, kí ó sì fi ìdérí tí ó le bo ẹnu rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí a má ṣe lé mẹ́rúwà. Òṣìṣẹ́ bí tiwa ni. Kí a bi í níbi tí ó ti pọn omi, kí a ní kí ó máa fọ kẹ́ẹ̀gì rẹ̀, kí a sì máa se èyí tí a ó mu.

Ẹ̀kẹrin, kí àwa, àwọn Ìgbò, àwọn Ẹ̀dó àti àwọn Hausa aládùúgbò wa jọ lọ sí Kano State Water Board àti Ìjọba Ìbílẹ̀ Fagge, pẹ̀lú èsì ìdánwò lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá lọ pẹ̀lú ìráhùn nìkan, wọn a ní kí ó padà wá lọ́la. Ẹni tí ó bá mú ìwé dání, wọn yóò fún un lésì.

Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni ó ń tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ irú omi tí a ń dà.